Godé Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lókè

Ẹ má bínú pé mo ní kí ẹ wá ní ọ̀sán Àìkú, nígbà tí oúnjẹ ṣì wà lórí iná ní ilé oníkálukú. Mi ò lè dúró di ọ̀la. Dókítà ti pe Sidonie ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó rò pé mi ò gbọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe mí, etí mi kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ti sọ ọ́ lọ́jà àti lóko, àmọ́ irọ́ ni ẹ gbọ́, èmi ni mo sì fi sí yín létí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi kò tó ogún, ikú ló yára. Bí ikọ́ bá gbé mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí, kí ẹnikẹ́ni má dìde títí n óò fi parí.

Mo rí gbogbo yín. Bàbá Sàká, ẹ̀yin lẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, ẹ̀yin tí ẹ bí Kàdíjátù tí a sin. Màmá Marguerite, ẹ wà nítòsí orí mi níbí pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ tí ẹ ń gbé wá fún mi ní àràárọ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀. Latifou, ìwọ tí o ń wa katakata ẹgbẹ́ wa báyìí, dúró sí ibi tí n óò ti máa rí ojú rẹ. Àti ìwọ, Akíndé, ọmọ Màmá Marguerite, tí o gun alùpùpù láti Ìlárá wá ní òwúrọ̀ yìí nítorí wọ́n ní mò ń kú lọ. Torí tìrẹ ni mo ṣe pe àwọn yòókù jọ. Nígbà tí o wọlé, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, o ní, "Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n." Mo yíjú sí ògiri. Ẹ rò pé ìrora ni.

Ní ọdún tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Idigny gba katakata yẹn, gbogbo wa la jáde lọ pàdé rẹ̀ lójú títì. Ó ní apá irin méjì níwájú, abọ́ ńlá kan sì wà ní orí apá náà tí a fi ń kó ilẹ̀, tí a fi ń gbé àpò àgbàdo sínú kámíọ̀ akẹ́rù. Godé ni àwọn elédè Faransé ń pe abọ́ náà, àwa náà sì gba orúkọ yẹn bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe awakọ̀ àgbà, Akíndé ni igbákejì mi. Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n rán wá láti kọ́ wa ni ọ̀gá Fidèle, ará Bohicon, èèyàn kúkurú kan tó fẹ́ràn àgbàdo sísun. Fọ̀n ni èdè rẹ̀, tipátipá ló fi ń sọ Nàgó tiwa.

Ó kọ́ wa dáadáa, n kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí godé bá kún, nítòsí ilẹ̀ ni kí a máa gbé e rìn, kí katakata má baà dojú dé. Ó ní kí a so ẹrù wúwo mọ́ ìdí rẹ̀ kí ìdí má baà fò sókè. Ó ní aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò yẹ orí rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lábẹ́ godé, kódà bó jẹ́ ọba Kétu fúnra rẹ̀. Èyí tó wá tẹnu mọ́ jù ni pé kí awakọ̀ tó kúrò lórí àga, kí ó sọ godé kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Sọ̀ ọ́ kí o tó sọ̀ kalẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi sí wa lórí. Ahọ́n rẹ̀ kò gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn rárá. "Sọ ọ́!" ló máa ń pariwo. "Sọ ọ́ kí o tó sọ̀ kalẹ̀!"

Akíndé á bú sẹ́rìn-ín. Á ní, "Kí ni kí n sọ, ọ̀gá? Àṣírí ta ni?" Ọ̀gá Fidèle náà á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ gbá a lórí, á tún ní, "Sọ ọ́!" Nígbà tí ó padà sí Bohicon, a sọ ọ̀rọ̀ náà di àpárá. Bí mo bá ti rí Akíndé lọ́ọ̀ọ́kán, màá kígbe, "Ṣé o ti sọ ọ́?" Òun náà á dáhùn, "Mo ti sọ ọ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n!" Àwọn ọmọdé gan-an gbà á lẹ́nu wa. Ẹ̀kọ́ tó lè gba ẹ̀mí là ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ará Bohicon kan ṣi ohùn sọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í wà lókè kí ó máa kí àgbà tó wà nílẹ̀. Bí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, wàá sọ̀ kalẹ̀. Lórí alùpùpù náà, wàá dúró, wàá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ti katakata nira, nítorí pé àga rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Ní ọjọ́ kan, Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí, bàbá Sidonie, àna mi, gba ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ kọjá. Mo tẹrí ba lórí àga, mo juwọ́ sí wọn, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá wọn gún ilẹ̀. "Lábọ̀dé, ṣé láti orí àjà ni wọ́n ti ń kí àna nílé yín? Mo fún ọ lọ́mọ, o wá ń wò mí nísàlẹ̀ bí àṣá tó rí òròmọdìẹ." Àwọn obìnrin tó ń ṣa àgbàdo rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ báyìí. Mo bẹ̀rù ẹ̀rín obìnrin ju bí mo ṣe bẹ̀rù irin lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí àgbà kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti fò sílẹ̀. Godé á wà lókè, ẹ́ńjìnnì á máa dún, èmi á ti dọ̀bálẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kó kọ́kọ́ sọ godé kalẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì, àgbà á ti kọjá lọ, á sì ti ka ìwà rẹ̀ sí àfojúdi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń bojú wẹ̀yìn wo godé. Nígbà tí ó di ìgbà kẹwàá, mi ò tún rò ó mọ́. Inú àwọn àgbà dùn sí mi, wọ́n ní Lábọ̀dé ní ẹ̀kọ́ ilé. Akíndé nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó wá bá mi nídìí ilé àgbàdo, kò rẹ́rìn-ín, ó fi ohùn tó yẹ pè é: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ ọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀." Mo ní, "Ìwọ tí o kò tíì láya, kí lo mọ̀ nípa àna?" Kò tún sọ ọ́ mọ́. Ibo ni ì bá ti tún sọ ọ́, nígbà tí mo ti fi àgbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀?

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí jẹ́ ìgbà ìkórè àgbàdo, oòrùn sì mú gan-an. Mo fẹ́ lọ síbi òkú kan ní Okpomèta tí iṣẹ́ bá parí, ni mo bá ti wọ bùbá ńlá mi láti ilé, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní kí n má wọ̀. Àpò àgbàdo mẹ́fà wà nínú godé, mo ti gbé e ga, mo ń dúró de kámíọ̀ tí kò tíì dé. Akíndé ti lọ sẹ́yìn ilé àgbàdo láti lọ bu gásóyìlì tí katakata ń mu. Kàdíjátù wá pẹ̀lú abọ́ kan, ó ń ṣa èyí tó dà sílẹ̀ fún adìẹ rẹ̀. Mo lé e kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, bùrọ̀dá." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ni ohun tí mo rí dúpẹ́ sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà náà ni mo rí àna mi tí wọ́n ń bọ̀. Mo fò sílẹ̀. Mo gbọ́ tí aṣọ mi ya fàà, mo rò pé ìṣó ló fà á ya. Ọ̀pá tí a fi ń darí godé ni etí bùbá mi kọ́, ó sì fà á sí apá ibi tí godé ti ń sọ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo sáré dé iwájú Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí, mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. Kàdíjátù náà rí wọn. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níbi tí ó wà, lábẹ́ òjìji godé, nítorí pé ilẹ̀ yòókù ń jó ni. Mo gbọ́ tí ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá." Èmi dojú bolẹ̀, òun tẹrí ba. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó wòkè. Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí ń wò, ẹnu wọn là, ohùn kò jáde. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn nílé yìí.

Akíndé ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó da gásóyìlì nù, ó fò gun orí katakata, ó rí aṣọ tó dí ọ̀pá, ó fà á yọ, ó jù ú sílẹ̀ láìwo ohun tó jẹ́, ó gbé godé kúrò lára Kàdíjátù. Èmi? Mo ṣì wà nílẹ̀. Mo jókòó bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè. Àwọn èèyàn sáré wá láti oko, ẹni tí wọ́n rí lórí àga ni Akíndé, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀pá. Ẹnì kan kígbe, "Akíndé ti pa ọmọ Sàká o!" Igbe yẹn ràn bí iná ọyẹ́. Àna mi fi orí ọ̀pá wọn fa àkísà aṣọ mi mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó o sápò. Wọ́n gbé ẹnu sí mi létí. "Ìdọ̀bálẹ̀ ni o wà níwájú mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí n óò sọ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ọmọ mi kò ní di opó ẹlẹ́wọ̀n. Pa ẹnu rẹ mọ́." Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlú títí wọ́n fi kú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n fi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀.

Bóyá ẹ lè dárí èyí jì mí, kí ẹ ní ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ dúró ná. Wọ́n gbé Kàdíjátù lọ sí ọsibítù. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Bàbá Sàká, ẹ ti jáde lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára, ẹ rántí. Jandámù kan tó ń ṣe ìwádìí wọlé, ará àríwá ni, kò gbọ́ Nàgó, ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Kàdíjátù. Nínú àwa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ Faransé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní, "Akíndé ló gbé e. Akíndé ló gbé e kúrò lára mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, Bàbá Sàká. N kò fi ọ̀kan kún un, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Jandámù bi mí pé, "Kí ló wí?" Mo ní ní Faransé, "Ó ní Akíndé ni. Ó ní Akíndé ló wà lórí ẹ̀rọ, ó gbé godé tó fi já lé òun." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kàdíjátù ń wo ẹnu mi. Kò gbọ́ Faransé, àmọ́ ó gbọ́ orúkọ Akíndé, ó mi orí díẹ̀, ó rò pé mò ń bá òun dúpẹ́. Jandámù rí i tí ó mi orí, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí ó fi kú.

Bàbá Sàká, ẹ má dìde. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó, ó kù díẹ̀.

Wọ́n fi Akíndé sẹ́wọ̀n fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Mo ń lọ wò ó. Mo ń gbé gàrí àti ẹja lọ, gbogbo ìlú ń yìn mí, ẹ̀yin Màmá Marguerite gan-an kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo lọ, Akíndé ti rù. Kò mọ ohun tó mú godé sọ̀ kalẹ̀, torí ẹ̀yìn ilé àgbàdo ló wà. Ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé Kàdíjátù dárúkọ mi?" Mo ní òótọ́ ni. Ó wá ní, "Ẹni tó ń kú lọ kò ní purọ́ mọ́ mi. Bóyá nígbà tí mo gun orí rẹ̀, ọ̀pá tí kò yẹ ni mo kọ́kọ́ fà. Bóyá ó ṣì lè yè kí n tó débẹ̀. Bóyá èmi ni lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n." Ó ń sunkún. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo fi ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Ọlọ́run á dárí jì ọ́." Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo pa Kàdíjátù láìmọ̀ọ́mọ̀, àmọ́ èyí, mo mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí ó jáde, kò lè wo ojú ará Idigny. Ó rékọjá sí Ìlárá, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní bí katakata bá ń bọ̀ lójú títì, inú igbó ló ń sá sí. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn tí ìyá rẹ̀ ti ń dá sùn. Bàbá Sàká, mo mọ̀ pé ẹ ń gégùn-ún fún un ní gbogbo Jímọ̀ tí ẹ bá ti kírun tán. Ẹ gba ègún náà padà. Orúkọ mi ni kí ẹ fi síbẹ̀, Lábọ̀dé ọmọ Akínkúnlé. Mo ti ní kí Sidonie pe ọmọ olóyè wá, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo sì ti tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà kí ẹ tó dé, nítorí n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi á ṣì gbé e. Kí wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ. Akíndé, ìwọ kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn lẹ́nu ọmọbìnrin yẹn ni pé kí a bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dá a dúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Latifou, sún mọ́ mi. Mo ti rí ọ tí o ń fò sílẹ̀ kí àwọn àgbà, inú wọn sì ń dùn sí ọ. Jẹ́ kí àgbà dúró. Sọ godé kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, fi kọ́kọ́rọ́ sápò, lẹ́yìn náà kí o wá lọ dọ̀bálẹ̀ bí o bá ṣe fẹ́. Bí ó bá bínú, á dárí jì ọ́ lọ́la, èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó wà lórí irin máa sáré torí yín mọ́.

Lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ohùn ọ̀gá Fidèle ló ń dún létí mi. Mo máa ń rò pé ó ṣi í sọ ni. Sọ ọ́ kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín mi ti tán lórí rẹ̀ báyìí.

Màmá Marguerite, mo rí i pé ẹ ti gbé abọ́ ẹ̀kọ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tọ́, ẹ gbé e fún ọmọ yín, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dárí jì mí lónìí, ọjọ́ kò tó. Bó bá di ẹ̀yìn ikú mi, tí ọkàn yín bá rọ̀, ẹ dárúkọ mi pẹ̀lú sùúrù. Sidonie, wá di èjìká mi mú. Latifou, mú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Akíndé dìde, ibi tó jókòó sí yẹn ni mo fẹ́ kí ó wà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, mi ò sì lè ṣe é láti òkè. Mo ti sọ ọ́. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀.